Ìpín, Ooru àti Ìtọ́jú: Àgbéyẹ̀wò Ìbéèrè Àyànmọ́ nípasẹ̀ Káàdì Àwòrán Kọ̀ǹpútà

Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tí ó ti pẹ́ jù lọ nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni bóyá ohun tí ẹ̀dá kan tàbí ohun èlò kan lè ṣe ti parí ní ọjọ́ tí wọ́n mọ ọ́n, tàbí bóyá ọwọ́ tí ó tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà ní ipa nínú ohun tí yóò dà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Yorùbá ń béèrè rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa orí àti àyànmọ́. Aristotle, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Gíríìkì ìgbàanì, béèrè rẹ̀ nígbà tí ó ń ya agbára tí ó fara sin nínú nǹkan sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe lójú gbogbo ayé. Àròkọ yìí gbé ìbéèrè náà lọ sí ibi tí wọn kì í sábà wá a sí, ìyẹn iṣẹ́ ọwọ́ kan tí àwọn tí ó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà ń ṣe, níbi tí wọ́n ti ń tú ẹ̀rọ ìtutù tí ilé-iṣẹ́ fi sára káàdì àwòrán, tí wọ́n sì ń fi òmíràn tí wọ́n rà lọ́tọ̀ rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ náà yẹ fún irú àgbéyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ nítorí pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ṣeé wọ̀n: ooru ní òṣùwọ̀n, iyára ní òṣùwọ̀n, ohun tí ó yí padà àti ohun tí kò yí padà sì ṣeé tọ́ka sí.

Káàdì àwòrán ni pátákó tí wọ́n ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà kí ó lè máa ṣe ìṣirò tí ń sọ nọ́ńbà di àwòrán. Ní àárín rẹ̀ ni ṣíìpù wà, èyí tí í ṣe ègé sílíkọ́nì pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ àìmọye tiransísítọ̀ sí lára, tiransísítọ̀ sì ni ìlẹ̀kùn tíntìntín tí ń ṣí tí ó sì ń tì fún iná mànàmáná. Àpẹẹrẹ tí àròkọ yìí yóò dúró lé ni Radeon R9 290X, káàdì tí ilé-iṣẹ́ AMD ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2013. Ṣíìpù rẹ̀, tí wọ́n sọ ní Hawaii, fẹ̀ ní 438 mílímítà onígun mẹ́rin, ó sì ní tiransísítọ̀ bíi bílíọ̀nù 6.2. Bí káàdì náà bá ń ṣiṣẹ́ líle, iná tí ó ń jẹ tó nǹkan bí 250 wáàtì, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń gba inú ègé sílíkọ́nì tí kò tó ìbú ìka mẹ́ta kọjá. Bí ènìyàn bá pín ooru náà sórí ìwọ̀n àyè tí ó ti ń jáde, yóò rí i pé ó tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí ń ti ojú áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ jáde.

Ooru yìí kì í ṣe àbùkù, ibí yìí sì ni ó yẹ kí ìrònú ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo iná tí ó wọ inú ṣíìpù ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ooru tán, nítorí pé ìṣirò kì í gbé ẹrù, kì í sì í ti nǹkan síwájú, kò sì sí ibòmíràn tí agbára iná náà lè lọ. Ní 1961, Rolf Landauer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé nígbàkúùgbà tí ẹ̀rọ bá pa ẹyọ ìsọfúnni kan rẹ́, ìwọ̀n ooru kan gbọ́dọ̀ jáde, bí ó ti wù kí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà mọṣẹ́ tó. Ní 2012, àwọn onímọ̀ físíìsì fi àdánwò jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lóòótọ́, ooru tí àwọn ṣíìpù òde òní ń tú jáde fi ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún ju ìwọ̀n tí ó kéré jù yẹn lọ, ṣùgbọ́n ohun tí Landauer fi hàn dúró gbọn-in: bí wọ́n tilẹ̀ mú gbogbo ìfiṣòfò kúrò, ooru díẹ̀ yóò ṣẹ́ kù tí iṣẹ́ náà kò lè ṣàì mú wá. Ẹni tí ó bá bẹ nǹkan níṣẹ́ láìpèsè ọ̀nà tí ooru rẹ̀ yóò gbà jáde ti bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ tí kò ní lè jẹ́ dé òpin.

Àwọn tí ó ṣe R9 290X mọ èyí, wọ́n sì ṣètò fún un. Wọ́n fi 95 dígírì Sẹ́lísíọ̀sì ṣe ìwọ̀n ooru tí ṣíìpù náà lè máa ṣiṣẹ́ lé lórí láìséwu. Bí ooru bá ti dé ibẹ̀, fáànù yóò máa sáré sí i títí dé ààlà tí wọ́n pa fún un, èyí tí í ṣe ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún agbára fáànù náà ní ipò tí wọ́n ṣe kí ariwo má baà pọ̀. Bí fáànù bá dé ààlà yẹn tí ooru kò sì rọlẹ̀, ṣíìpù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dín iyára tirẹ̀ kù. Iyára tí wọ́n kọ sára páálí káàdì náà ni pé ó lè dé 1000 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ni pé kí aago inú rẹ̀ lù ní ìgbà bílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹ̀rọ ìtutù tí ó bá a ti ilé-iṣẹ́ wá, bí iṣẹ́ líle bá ti pẹ́ díẹ̀, iyára náà ń sọ̀kalẹ̀ kúrò níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń dán káàdì wò fún àwọn olùrà tilẹ̀ rí i pé àwọn kan tí wọ́n rà lọ́jà ń lọ́ra ju èyí tí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́ sí wọn lọ, nítorí pé fáànù wọn kò sáré bákan náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, AMD gbé ètò kọ̀ǹpútà jáde kí ìyípo fáànù gbogbo wọn lè dọ́gba.

Ẹni tí ó bá jókòó ti irú káàdì bẹ́ẹ̀ tí ó sì rí i tí ó ń rẹ̀ ní àárín iṣẹ́ yóò sọ pé ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyí. Òótọ́ wà nínú ohun tí ó rí, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ kọjá ohun tí ó rí. Ohun tí ó rí ni pé káàdì náà ń ṣe báyìí ní ipò báyìí. Ohun tí ó sọ ni pé báyìí ni káàdì náà jẹ́. Àlàfo tí ó wà láàárín gbólóhùn méjèèjì yìí ni àríyànjiyàn lórí àyànmọ́ ti máa ń ṣìnà.

Ìgbàgbọ́ ìbílẹ̀ Yorùbá ti ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìgbàgbọ́ náà ti lọ, Ọbàtálá ni ó ń mọ ara ènìyàn, Olódùmarè ni ó ń fún un ní ẹ̀mí, Àjàlá alámọ̀ sì ni ó ń mọ orí inú, èyí tí í ṣe ibùdó ìpín ẹni, tí olúkúlùkù ń lọ yàn ní ilé rẹ̀ kí ó tó wá sáyé. Nínú ìtàn Ògúndá Méjì kan tí Wándé Abímbọ́lá gbà sílẹ̀ tí ó sì ṣàlàyé rẹ̀, ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni ó fẹ́ lọ yan orí: Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Orí tí àwọn méjì àkọ́kọ́ mú kò lágbára, bí òjò sì ti ń rọ̀ sí wọn lọ́nà ayé ni ó ń jẹ àwọn orí náà. Afùwàpẹ́ tí ó ti dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ baba rẹ̀, tí ó rúbọ, tí ó sì rí Àjàlá fúnra rẹ̀, ni ó gba orí tí òjò kò lè jẹ. Nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tí ó jáde ní 1962, Bọ́lájí Ìdòwú ṣàlàyé ọ̀nà mẹ́ta tí ìpín ń gbà di ti ẹni: àkúnlẹ̀yàn tí ènìyàn fi ìkúnlẹ̀ yàn, àkúnlẹ̀gbà tí ó fi ìkúnlẹ̀ gbà, àti àyànmọ́ tí wọ́n yàn mọ́ ọn.

Bí ẹni tí ó gbọ́ èyí bá dúró síbẹ̀, yóò rò pé kò sí ohun tí ó kù fún ọwọ́ láti ṣe. Ṣùgbọ́n Ifá kan náà ní ìtàn mìíràn, níbi tí gbogbo orí ti péjọ láti gbìmọ̀ láìpe Ẹsẹ̀, tí ìmọ̀ràn wọn kò sì ṣẹ nítorí pé ẹni tí yóò gbé ìmọ̀ràn náà rìn kò sí níbẹ̀. Ẹsẹ̀ nínú ìtàn yìí dúró fún akitiyan, ìyẹn ìṣípòpadà tí ń gbé ìpín láti inú ìlérí dé inú ìmúṣẹ. Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Yorùbá tí ó jáde ní 1991, gbé àwọn ìbéèrè líle dìde lórí bí ìpín tí a yàn láìmọ inú rẹ̀ ṣe lè jẹ́ ìyàn lóòótọ́, àti bí ènìyàn ṣe lè jẹ́bi tàbí gba oríyìn lórí rẹ̀, síbẹ̀ ó fi hàn pé àṣà Yorùbá kò fi ìgbàgbọ́ nínú orí pa akitiyan lẹ́nu mọ́. Ìṣòro tí ó kù ni láti mọ bí méjèèjì ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ọ̀kan gba àyè èkejì, ìṣòro yìí sì ni iṣẹ́ káàdì àwòrán lè tan ìmọ́lẹ̀ sí.

Ìdí ni pé ṣíìpù náà ní ìpín ní ọ̀nà tí ó ṣe kedere. Wọn kì í ṣe ṣíìpù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí àwo sílíkọ́nì róbótó ni wọ́n ti ń tẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n á sì gé wọn sọ́tọ̀ lẹ́yìn náà. Ilé-iṣẹ́ TSMC ní Taiwan ni ó tẹ Hawaii. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán kan náà ni wọ́n tẹ̀ sára gbogbo wọn, ṣíìpù méjì kì í rí bákan náà délẹ̀: òmíràn ń jo iná dànù ju èkejì lọ, òmíràn ń fẹ́ fóltéèjì gíga kí ó tó lè sáré, àlébù kékeré sì lè ti pa apá kan òmíràn. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n ń dán wọn wò, wọ́n sì ń pín wọn sí ìsọ̀rí. Hawaii tí gbogbo 2816 ẹ̀ka ìṣirò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe R9 290X. Èyí tí wọ́n ti pa díẹ̀ nínú ẹ̀ka rẹ̀ kí ó ku 2560 ni wọ́n fi ṣe R9 290, tí owó rẹ̀ kéré. Kò sí ṣíìpù tí ó yan èyí, kò sì sí akitiyan kankan tí olùrà lè ṣe tí yóò mú apá tí ó bàjẹ́ nínú sílíkọ́nì padà bọ̀ sípò.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí onírònú fi sọ́kàn. Nínú àwọn R9 290 àkọ́kọ́ tí ó dé ọjà, àwọn kan wà tí kò sí ohunkóhun tí ó bàjẹ́ nínú wọn. Ètò kékeré tí ń darí káàdì nìkan ni ó ti àwọn ẹ̀ka náà pa, àwọn olùlò tí ó sì pààrọ̀ ètò yẹn rí i pé gbogbo 2816 jí. Àwọn mìíràn gbìyànjú ohun kan náà lórí káàdì tiwọn, kò sì ṣẹlẹ̀. Ìtàn méjèèjì ní láti wà papọ̀ nínú ọkàn ẹni tí ó ń ronú lórí ìpín: ààlà kan wà tí ó jẹ́ òótọ́ nínú ara nǹkan, ààlà kan sì wà tí ó jẹ́ orúkọ tí wọ́n fún un lásán, bí wọ́n bá sì jọ wà nínú páálí kan náà, ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nígbà náà, ààlà mẹ́ta ni ó yẹ kí ó yé ènìyàn. Èkíní ni ààlà ìṣẹ̀dá, ìyẹn ohun tí sílíkọ́nì náà kò lè kọjá ní ipòkípò tí ó bá wà. Èkejì ni ààlà orúkọ, ìyẹn nọ́ńbà tí olùṣe kọ sí i lára nítorí ọjà, nítorí ìṣọ́ra, tàbí nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣíìpù tí kò dọ́gba jẹ́ ohun kan náà lójú olùrà. Ẹ̀kẹta ni ààlà ipò, ìyẹn ohun tí àyíká gbà á láyè láti ṣe ní báyìí. Ìṣìnà tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n rí ààlà ipò, kí wọ́n sì pè é ní ààlà ìṣẹ̀dá. Pípààrọ̀ ẹ̀rọ ìtutù jẹ́ iṣẹ́ tí ó mú ẹ̀kẹta kúrò lójú ọ̀nà kí èkíní lè farahàn.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gba sùúrù àti ọ̀wọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe é yóò kọ́kọ́ fa kọ̀ǹpútà yọ kúrò lára iná, yóò sì fọwọ́ kan irin ara àpótí rẹ̀ kí iná tí ó bá ti kó jọ sí i lára lè ti ibẹ̀ lọ, nítorí pé iná kékeré tí ó ta sí i tí ara kò tilẹ̀ mọ̀ lè ba ṣíìpù jẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò tú àwọn síkúrúù ẹ̀yìn káàdì, yóò yọ wáyà fáànù, yóò sì rọra yí ẹ̀rọ ìtutù àtijọ́ sọ́tùn-ún sósì títí yóò fi jáwọ́ lára ìpara tí ó ti gbẹ mọ́ ọn, láìfi agbára fà á sókè. Ohun tí yóò wá rí ni ṣíìpù ní ìhòòhò, nítorí pé ṣíìpù káàdì àwòrán kì í sábà ní ìbòrí irin bí ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣíìpù tí ó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Etí rẹ̀ lè fọ́ bí irin bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó gbọ́dọ̀ fi ọtí isopropyl àti aṣọ rírọ̀ nu ìpara àtijọ́ kúrò títí ojú rẹ̀ yóò fi máa dán.

Ìpara tuntun tí yóò fi sí i ń gbé ooru láti ara ṣíìpù lọ sí ara bàbà ẹ̀rọ ìtutù. Ìdí tí wọ́n fi ń lò ó ni pé ojú irin méjì, bí ó ti wù kí ó dán tó, kì í bá ara wọn pàdé níbi gbogbo. Afẹ́fẹ́ ń há sáàárín wọn, bàbà sì ń gbé ooru kọjá ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 10,000. Bí ìpara náà bá ti kéré jù, àyè afẹ́fẹ́ yóò kù. Bí ó bá sì ti nípọn jù, òun fúnra rẹ̀ yóò di ìdènà, nítorí pé kò tó bàbà láti gbé ooru. Síkúrúù mẹ́rin tí ó yí ṣíìpù ká ni yóò dì láti igun kan sí igun tí ó dojú kọ ọ́, tí yóò máa yí kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀ kí ìnira má baà wà níhà kan. Lẹ́yìn ṣíìpù ńlá, ó kù àwọn kéékèèké: ṣíìpù ìrántí mẹ́rìndínlógún ni ó wà lórí R9 290X, àwọn ohun èlò tí ń yí fóltéèjì padà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí ooru tiwọn lè pa káàdì bí ẹnikẹ́ni kò bá rántí wọn. Nínú àwọn ẹ̀rọ ìtutù ìgbà náà, irú Accelero Xtreme III tí ilé-iṣẹ́ Arctic ṣe, ègé irin kéékèèké ni wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù tí ń gbé ooru lẹ̀ mọ́ wọn, bí gọ́ọ̀mù náà bá sì ti gbẹ, kò sí ọ̀nà ìrọ̀rùn láti dá a padà.

Ẹ̀rọ ìtutù tuntun náà ní fáànù mẹ́ta àti páìpù bàbà márùn-ún tí wọ́n ń pè ní páìpù ooru, irú èyí tí George Grover àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí ní Los Alamos ní Amẹ́ríkà ní 1963. Omi díẹ̀ wà nínú páìpù tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yọ. Níbi tí ó ti kan ṣíìpù, omi náà ń di atẹ́gùn omi, atẹ́gùn náà ń gbé ooru lọ sí ìpẹ̀kun kejì níbi tí àwọn pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà, ibẹ̀ ni ó ti ń di omi padà, tí ó sì ń gba ara páìpù wọ̀ padà sí ibi tí ó ti wá. Kò sí ẹ̀rọ kankan tí ń ti omi náà. Ooru tí wọ́n fẹ́ lé jáde ni ó ń lé ara rẹ̀ jáde.

Ohun tí àwọn tí ó dán irú ìpààrọ̀ yìí wò lórí àwọn káàdì Hawaii rí ni pé ooru ṣíìpù ń sọ̀kalẹ̀ jìnnà sí 95 dígírì, ariwo ń dín kù, iyára sì ń dúró sí ibi gíga tí wọ́n kọ sí i lára láìyẹ̀. Iná tí káàdì ń jẹ fún iṣẹ́ kan náà tún ń dín kù díẹ̀, nítorí pé tiransísítọ̀ tí ó gbóná ń jo iná dànù ju èyí tí ó tutù lọ. Síbẹ̀, kò sí tiransísítọ̀ kan ṣoṣo tí ó pọ̀ sí i. Ẹ̀ka ìṣirò tí wọ́n ti pa kò jí nítorí fáànù, ìlà kan kò yí padà nínú àwòrán tí wọ́n tẹ̀ sára sílíkọ́nì. Ohun tí Aristotle ì bá sọ ni pé agbára tí ó wà nínú káàdì náà kò pọ̀ sí i, ìmúṣẹ rẹ̀ ni ó pọ̀ sí i. Ohun tí ẹni tí ó gba ọ̀rọ̀ orí gbọ́ ì bá sì sọ ni pé orí náà kò yí padà, Ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè sí ìgbìmọ̀.

Ẹnìkan lè ṣàtakò pé àwọn olùlò mìíràn ń lọ kọjá 1000 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ̀rọ ìtutù, àti pé èyí fi hàn pé ìtọ́jú lè kọjá ìpín. Àtakò náà pa ààlà orúkọ pọ̀ mọ́ ààlà ìṣẹ̀dá. Nọ́ńbà 1000 kò ti inú sílíkọ́nì wá. Àwọn tí ó ta á ni ó kọ ọ́, kí gbogbo ṣíìpù tí wọ́n fi orúkọ yẹn tà lè bá a mu. Èyí tí ó kọjá nọ́ńbà náà kò kọjá ìpín rẹ̀. Ohun tí ènìyàn rò nípa rẹ̀ ni ó kọjá. Bí wọ́n bá sì ń bá a lọ láti máa gbé iyára náà ga, wọn yóò dé ibi tí àwòrán yóò ti máa fọ́, tí ìṣirò yóò ti máa ṣìṣe, níbi tí ìtutù kò ti ní ìrànlọ́wọ́ mọ́, ibi yẹn kì í sì í jẹ́ ọ̀kan náà fún káàdì méjì. Ibẹ̀ ni ìpín wà. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣáájú, àní olùṣe pàápàá. Iṣẹ́ àti ìtọ́jú nìkan ni ó ń fi í hàn. Nítorí náà, akitiyan kì í ṣe ọ̀tá àyànmọ́. Akitiyan nìkan ni ọ̀nà tí ènìyàn fi lè mọ àyànmọ́, ẹni tí ó bá sì fi ọwọ́ lẹ́rán tí ó ń sọ pé ìpín òun kéré ń sọ ohun tí kò ní ẹ̀rí fún.

Ìhà kejì ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ìgbàgbé, nítorí pé ìtutù kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ní 1850, Rudolf Clausius gbé òfin kan kalẹ̀ pé ooru kì í ti ibi tútù lọ sí ibi gbígbóná fúnra rẹ̀. Ooru tí ó bá sì kúrò níbì kan gbọ́dọ̀ dé ibòmíràn. Ẹ̀rọ ìtutù tí R9 290X bá wá láti ilé-iṣẹ́ ní fáànù kan tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná gba ẹ̀yìn àpótí kọ̀ǹpútà jáde síta. Ariwo rẹ̀ pọ̀, ó sì ń fi ṣíìpù sílẹ̀ nínú ooru gíga, ṣùgbọ́n kì í da púpọ̀ nínú ooru náà sórí àwọn tí ó jọ ń gbé inú àpótí. Ẹ̀rọ onífáànù mẹ́ta ń tu ṣíìpù lára gan-an, àmọ́ ó ń tú ooru náà sínú àpótí kan náà, níbi tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ibi ìpamọ́ àti ẹ̀rọ tí ń pín iná wà. Bí àpótí náà kò bá ní ihò àti fáànù tí ó tó, ara tí ó tu ọ̀kan yóò di ìnira fún gbogbo àwọn yòókù. Ìdí kan wà, nígbà náà, tí àwọn olùṣe fi yan ohun tí wọ́n yàn: wọn kò mọ àpótí tí káàdì kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ sí, wọ́n sì ní láti ṣe ohun tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára nínú àpótí tí ó há jù. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún iṣẹ́ wọn ṣe ní láti kọ́kọ́ lóye ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ó sì gba ojúṣe gbogbo ilé náà, kì í ṣe ti ẹyọ kan tí ó fẹ́ràn nìkan.

Ojúṣe yìí tún hàn nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́. Ọ̀pọ̀ olùṣe ni ó ń kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá tú síkúrúù káàdì ti pàdánù wárántì, ìyẹn ìlérí pé wọn yóò tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin Magnuson-Moss ti 1975 dá ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ kọ́ láti so wárántì mọ́ lílo ohun èlò tàbí iṣẹ́ àtúnṣe tiwọn nìkan, ní oṣù kẹrin ọdún 2018 sì ni àjọ tí ń rí sí ọ̀ràn òwò níbẹ̀ kọ ìwé ìkìlọ̀ sí ilé-iṣẹ́ mẹ́fà lórí irú ìhalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin náà kò sọ pé olùṣe gbọ́dọ̀ san owó ohun tí olùlò fi ọwọ́ ara rẹ̀ bàjẹ́. Bí etí ṣíìpù bá fọ́ nígbà tí ó ń dì í, tirẹ̀ ni. Bí gọ́ọ̀mù tí kò ṣeé tú bá lẹ̀ mọ́ ibi tí kò yẹ, tirẹ̀ ni. Ẹ̀tọ́ láti fọwọ́ kan ohun tí ó jẹ́ ti ẹni àti ẹrù àbájáde rẹ̀ kò ṣeé yà sọ́tọ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá gba àkọ́kọ́ láìgba èkejì kò tíì di olùtọ́jú. Afọwọ́bajẹ́ lásán ni.

Bákan náà, ìtọ́jú kò mú ikú kúrò. Ní àárín àwọn ọdún 1960 lọ sókè, James Black ṣe ìwádìí lórí bí ìṣàn iná ṣe ń fa àwọn átọ́ọ̀mù irin tí ó wà nínú wáyà tíntìntín ṣíìpù kúrò ní ipò wọn títí wáyà náà yóò fi já, àti bí ooru ṣe ń mú ọjọ́ yẹn yára dé. Ìtutù ń sún ọjọ́ náà síwájú. Kì í fagi lé e. Òpin wà nínú ìpín nǹkan gẹ́gẹ́ bí agbára ti wà nínú rẹ̀, ọlọ́gbọ́n olùtọ́jú kì í sì í jà láti ṣẹ́gun òpin, ó ń ṣiṣẹ́ kí àkókò tí ó wà ṣáájú òpin lè kún.

Ó yẹ kí a pààlà sí ibi tí ẹ̀kọ́ yìí lè dé. Ṣíìpù kì í ṣe ènìyàn. Kò ní ìwà, kò ní ẹ̀rí ọkàn, kì í rúbọ, kì í sì í ronú pìwà dà, kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń gbóná àyàfi nípa nọ́ńbà. Ènìyàn ní gbogbo èyí, nítorí náà ọ̀rọ̀ orí ènìyàn jinlẹ̀ ju ohun tí òṣùwọ̀n ooru lè sọ lọ. Ṣùgbọ́n bí ìdájọ́ tí ó yára bá lè ṣìnà lórí ohun tí ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀, tí gbogbo ara rẹ̀ ṣeé wọ̀n, mélòómélòó ni yóò ṣìnà lórí ẹ̀dá tí inú rẹ̀ kò ṣeé rí. Olùkọ́ tí ó sọ pé orí ọmọ kan kò gba ìwé, ọ̀gá tí ó sọ pé ọmọṣẹ́ kan kò lè mọṣẹ́, òbí tí ó sọ pé bí Ọlọ́run ṣe dá ọmọ òun nìyẹn, olúkúlùkù wọn ti rí ohun kan nínú ipò kan, ó sì ti sọ ọ́ di ìpín. Ebi lè wà nínú ipò náà, ìbẹ̀rù lè wà níbẹ̀, àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ lè wà níbẹ̀, ìwọ̀nyí sì ni ooru tí ń jókòó lé ẹ̀dá lórí tí ó ń mú un rẹ̀ ní àárín iṣẹ́.

Ìgbàgbọ́ nínú àyànmọ́, nígbà tí ó bá yé ènìyàn dáadáa, kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti ṣe irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Òdìkejì ni ó ń kọ́ni: nítorí pé ìpín wà, tí ó sì fara sin, kò sí ẹni tí ó lè kéde rẹ̀ kí gbogbo ohun tí ó ṣeé mú kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ tó kúrò. Iṣẹ́ tí ó tọ́ sí ẹni tí ó wà nítòsí ẹ̀dá tí ó ń rẹ̀ ni láti wádìí ohun tí ó ń mú un gbóná, láti pèsè ọ̀nà tí ooru náà yóò gbà jáde láìpa aládùúgbò lára, àti láti gba ẹrù àbájáde ohun tí ó fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn tí ó bá ti ṣe gbogbo èyí tán ni ó tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ nípa ààlà, yóò sì máa fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ ọ́, nítorí pé ohun tí ó mọ̀ nígbà náà ni ibi tí ìtọ́jú tirẹ̀ dé, kì í ṣe ibi tí ẹ̀dá náà parí sí.